262 ní JAMB, Fámásì ní Unilag: ṣé ká dúró àbí ká yí kọ́ọ̀sì padà?

Ìyá Àdùkẹ́ (Ìdúmọ̀tà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Àdùkẹ́ gba 262 ní JAMB ọdún 2025 yìí. Unilag ló fi ṣe àkọ́kọ́, Fámásì ló sì fẹ́ kà. WAEC rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti èṣí, ìjókòó kan ṣoṣo: Bàọ́lọ́jì A1, Mátíìsì B2, Kẹ́mísírì B2, Físíìsì B3, Gẹ̀ẹ́sì B3.

Èmi àti àbúrò ọkọ mi la ò fẹnu kò. Mo rí ìṣirò tí JAMB gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Wọ́n ní nínú 1,955,069 ọmọ tó ṣe ìdánwò, 12,414 ló gba 300 sókè, 73,441 ló wà láàárín 250 sí 299. Mo ro méjèèjì pọ̀, kò pé márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Èmi wá ní, ọmọ tó bá wà nínú márùn-ún tó síwájú nínú ọgọ́rùn-ún, kí ni Unilag tún ń wá lọ́wọ́ rẹ̀? Àbúrò ọkọ mi ní kí n má tan ara mi. Ó ní èrò tó ń béèrè Fámásì pọ̀ ju àga lọ, pé bí a bá pín àwọn tí wọ́n ń mú sí àwọn tó ń béèrè, ọ̀kan nínú ogún lè má tó o, kí ọmọ yáa lọ yí kọ́ọ̀sì padà kí JAMB tó ti ọ̀nà ìyípadà. Ọmọ ò jẹun dáadáa mọ́ láti ìgbà tó ti gbọ́ ọ. Nínú ìṣirò méjèèjì, èwo ni ká gbà?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan gba 245, ó wọ Fámásì, kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. 262 ti kọjá wàhálà. Mo tún rí ọ̀pọ̀ ọmọ lórí Facebook tí wọ́n ní àwọn fi 240 wọlé.

Tíṣà Báríga

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú oríire ọmọ. Ọdọọdún ni mo ń bá àwọn òbí jókòó ṣe ìṣirò yìí, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé rẹ̀ kó yé yín.

Ìṣirò yín àti ti àbúrò ọkọ yín, kò sí èyí tó dáhùn ìbéèrè tí ẹ béèrè. Tiyín ń sọ ibi tí Àdùkẹ́ dúró láàárín gbogbo ọmọ tó ṣe JAMB láti Sókótó dé Badagry. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló ń bá a du àga. Ọmọ tó gba 170 ò ní dé iwájú Unilag rárá, nítorí ẹni tó gba 200 sókè, tó sì fi Unilag ṣe àkọ́kọ́, nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó ṣe Post-UTME wọn, ìyẹn ìdánwò tí Unilag fúnra rẹ̀ ń ṣe fún ọmọ lẹ́yìn JAMB. Àwọn tó ń bá a dù ú ni àwọn tó mọ̀ pé máàkì àwọn ga, tí wọ́n sì torí ẹ̀ kọ Fámásì. Láàárín irú àwọn bẹ́ẹ̀, 262 ò burú, ṣùgbọ́n kò ta yọ.

Ti àbúrò ọkọ yín ní àléébù tirẹ̀. Nínú àwọn tó béèrè, ẹ ó bá ẹni tí WAEC rẹ̀ kò pé, ẹni tí kò ṣe ìmọ̀ (subject) tó yẹ kó ṣe ní JAMB, ẹni tí kò tilẹ̀ yọjú síbi Post-UTME. Bí ẹ bá ka gbogbo wọn mọ́ àwọn tó ń dije, ẹ̀rù á kàn máa bà yín ni. Ọmọ tó ní 320 àti ọmọ tó ní 201 wà nínú ọ̀kan nínú ogún kan náà, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní wọn ò dọ́gba rárá.

Àpapọ̀ máàkì tí Unilag fúnra rẹ̀ ń lò ni kí ẹ ṣírò. JAMB ló ni 50, Post-UTME ló ni 30, WAEC ló ni 20. Ẹ pín JAMB sí mẹ́jọ, 262 di 32.75. Ní WAEC, ìmọ̀ márùn-ún ni wọ́n ń wò: A1 jẹ́ 4, B2 jẹ́ 3.6, B3 jẹ́ 3.2, C4 jẹ́ 2.8, C5 jẹ́ 2.4, C6 jẹ́ 2. Àdùkẹ́ ní 4 kan, 3.6 méjì, 3.2 méjì, ìyẹn 17.6. Ẹ rò ó mọ́ 32.75, ó ti ní 50.35 lọ́wọ́. Bó bá gba 15 nínú 30 ní Post-UTME, ó di 65.35. Bó bá gba 20, 70.35. Bó bá gba 25, 75.35. Bó bá gba gbogbo 30, kò lè kọjá 80.35.

Àwọn iye wọ̀nyí ni kí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ cut-off Fámásì, ìyẹn máàkì tó kéré jù tí wọ́n fi gba ọmọ wọlé, ti ọdún bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn. Ti ọdún kan ṣoṣo ò tó láti fi ṣe ìpinnu.

Bàbá Ìbejì, Múṣin

Gbogbo ìṣirò yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká parọ́ fún obìnrin yìí. Ẹni tó mọ ènìyàn ló ń wọlé. Mo ti rí ọmọ tí máàkì rẹ̀ ga tó jókòó sílé, tí ọmọ tí kò tó o lọ.

Moyọ̀, Ìdí-Àràbà

Ẹ káalẹ́ mà. Ọmọ Fámásì ni mí ní Unilag, mo sì fẹ́ fi kún ohun tí Tíṣà sọ.

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ má bínú, àwọn tó wọlé ló ń kọ ọ́ sórí Facebook. Ọmọ tó gba 240 tí wọn ò mú kì í wá kọ ọ́ síbẹ̀, ojú ń tì í. Tí ẹ bá wá ka àwọn tó kọ ọ́ nìkan, ẹ ó rò pé gbogbo ẹni tó gba 240 ló wọlé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó gba 245 yẹn, ẹ bá wa béèrè iye tó gba ní Post-UTME àti ìpínlẹ̀ rẹ̀. Láìsí méjèèjì, 245 yẹn ò lè kọ́ wa ní nǹkan kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò fọkàn sí ni èyí: máàkì kan ní Post-UTME tó máàkì mẹ́jọ ní JAMB. JAMB 400 ló di 50, ṣùgbọ́n máàkì Post-UTME, bí ẹ ṣe gbà á náà ni wọ́n ń rò ó mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ méjì tí WAEC wọn dọ́gba. Ọ̀kan gba 326 ní JAMB, ó gba 16 ní Post-UTME: 40.75 àti 16, ó jẹ́ 56.75. Èkejì gba 262 bíi Àdùkẹ́, ó gba 24: 32.75 àti 24, 56.75 náà ni. Wọ́n dọ́gba! JAMB ní àwọn tó gba 320 sókè ní gbogbo Nàìjíríà ò ju 4,756 lọ, síbẹ̀ ọmọ yín lè bá wọn dọ́gba láàárín ìdánwò kan tí kò tíì ṣe. Ẹ sọ èyí fún un mà, ó lè jẹun.

Nípa cut-off: ilé-ẹ̀kọ́ kì í mú un jókòó dè yín. Wọ́n á to àwọn ọmọ láti òkè wá sílẹ̀, wọ́n á máa mú wọn títí àga á fi tán, máàkì ẹni tó gba àga ìkẹyìn ló ń di cut-off. Ìdí nìyẹn tó fi ń lọ sókè sódò lọ́dọọdún. Bí ìbéèrè Post-UTME bá le, ó lè wálẹ̀. Bí àwọn tó ṣe dáadáa bá pọ̀, ó lè gòkè. Ọdún mìíràn tilẹ̀ wà tí kò ṣeé fi wé òmíràn rárá, bí ọdún 2016 tí Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Adamu Adamu, fagi lé Post-UTME. Bí ẹ bá rí ìwé cut-off ti ọdún yẹn níbì kan, ẹ fò ó.

Ẹ tún máa wò ó dáadáa bí wọ́n ṣe pín ìwé yẹn. Orúkọ kọ́ọ̀sì ló wà lápá òsì. Máàkì tí wọ́n pè ní merit, ti gbogbo ènìyàn láìwo ìpínlẹ̀, ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìpínlẹ̀ tò tẹ̀ léra wọn: Èkìtì, Èkó, Ògùn, Oǹdó, Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, kálukú pẹ̀lú iye tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí á kàn wo merit, wọ́n á ti máa sunkún, nígbà tó jẹ́ pé abẹ́ ìpínlẹ̀ wọn ló yẹ kí wọ́n wò.

Ìyá Àdùkẹ́ (Ìdúmọ̀tà)

Ẹ ṣeun, Moyọ̀ ọmọ mi, Ọlọ́run á jẹ́ kí o parí ẹ̀ láyọ̀. Mo kà á sétí Àdùkẹ́, ó sì ti dìde.

Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ tí o sọ yìí ló wá mú mi béèrè. Èkó ni wọ́n bí Àdùkẹ́ sí, Èkó ló ti ka ìwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀fà ni bàbá rẹ̀, Kwara ló sì kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Abẹ́ èwo ni ká wò?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ṣebí Yorùbá ni Ọ̀fà? Catchment ni wọ́n jẹ́. Ẹ wo ti Ọ̀yọ́ tàbí Ọ̀ṣun, wọ́n kúkú pààlà.

Ará Kábà, Kétu

Rárá o, ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣi ìyá lọ́nà. Ọmọ Kogi ni mí, mo ti tọ ọ̀nà yìí pẹ̀lú àwọn àbúrò mi, mo mọ̀ ọ́n.

Èdè tí èèyàn ń sọ nílé kọ́ ni wọ́n fi ń pín in. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, 45 nínú ọgọ́rùn-ún àga jẹ́ ti merit, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń dije láìwo ìpínlẹ̀. 35 jẹ́ ti catchment, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ẹ̀kọ́ ká, ti Unilag sì ni mẹ́fà tí Moyọ̀ kà yẹn. Kwara ò sí níbẹ̀, Kogi náà ò sí níbẹ̀. 20 tó kù jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba ní ètò ẹ̀kọ́ wọn ṣì ń rẹ̀yìn, ELDS ni wọ́n ń pè é. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n. Kwara àti Kogi wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ òkè Ọya, àti Rivers, Bayelsa, Cross River pẹ̀lú Ebonyi. Ọ̀pọ̀ wa tá a ń gbé Èkó ò mọ̀, a máa ń rò pé Yorùbá gbogbo ló wà ní catchment.

Ṣé ó wá dára fún Àdùkẹ́ àbí kò dára? Ẹ jẹ́ ká fi ọgọ́rùn-ún àga ṣe àpẹẹrẹ. 45 lọ sí merit. 35 lọ sí ìpínlẹ̀ mẹ́fà, kò pé mẹ́fà-mẹ́fà fún ìkọ̀ọ̀kan. 20 lọ sí ìpínlẹ̀ mẹ́tàlélógún, kò pé ẹyọ kan fún ìkọ̀ọ̀kan. Lójú, ó kéré. Ṣùgbọ́n ẹ ro iye ọmọ tó ń wá láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ Ògùn tó fi Unilag ṣe àkọ́kọ́ máa ń pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ọmọ Taraba tàbí ọmọ Yobe tó ń wá Fámásì ní Èkó, mélòó ni? Kwara ló yàtọ̀ díẹ̀, torí àwa ọmọ Kwara àti Kogi tó ń gbé Èkó pọ̀. Kí Àdùkẹ́ ṣírò merit gẹ́gẹ́ bí ibi tó ń lọ, kó sì mọ̀ pé ELDS wà lẹ́yìn rẹ̀. Kó má gbé gbogbo ọkàn lé e.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ lọ gba ìwé ìjọba ìbílẹ̀ Èkó láti fi yí ìpínlẹ̀ padà, ẹ sá fún un. Nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ìwé wò lẹ́yìn ìgbàwọlé, irú ẹ̀ lè lé ọmọ jáde.

Apòògùn Ṣómólú

Oògùn títà ni mo fi ń jẹun, iṣẹ́ yìí sì jọ mí lójú, inú mi dùn pé ọmọ fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí àga fi kéré. Unilag ò kàn lè fi kún un bó ti wù ú. PCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ apòògùn ní Nàìjíríà, ló ń fọwọ́ sí iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà, bí MDCN ṣe ń ṣe fún àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Èrò lè di ìlọ́po méjì, àga ò ní ti ìyẹn pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ń wo ìṣirò ìgbàwọlé gbogbo Unilag lápapọ̀ láti fi mọ àǹfààní Fámásì, ibi tí kò kàn án ló ń wò.

Èmi ò gbà pẹ̀lú Tíṣà àti Moyọ̀ pátápátá ṣá. 50.35 ló wà lọ́wọ́ ọmọ. Gbogbo ìrètí wá wà lórí pé kó gba 20 tàbí 24 nínú ọgbọ̀n. Ṣé ó ti ń ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú aago? Èló ló ń gbà? Bó bá jẹ́ 14 ló ń gbà nílé, ẹ má fi 24 ṣe ìṣirò. Ọdún kan ọmọ níyelórí. Físíìsì, Kẹ́mísírì, Bàọ́lọ́jì àti Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ní JAMB gba ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì mìíràn ní Unilag: Pharmacology, Physiology, Biochemistry, Microbiology, Cell Biology. Wọn ò wọ́ èrò bíi Fámásì. Nọ́ọ̀sì náà gbà á, ṣùgbọ́n ìyẹn náà ti gbóná, ẹ má sá kúrò nínú iná bọ́ sínú iná.

Ohun kan ni kí ọmọ mọ̀ kó tó gbà: Pharmacology ò sọ èèyàn di apòògùn. Orúkọ wọn jọra lásán ni. Mo ti rí ọmọ tó dé ọdún kejì kó tó mọ̀.

Tíṣà Báríga

Apòògùn, ọ̀rọ̀ yín lórí ìdánwò nílé tọ̀nà, mo fara mọ́ ọn. Iye tó ń gbà léraléra pẹ̀lú aago ni kó fi ṣírò, kó fi èyí tó kéré jù ṣe ìpìlẹ̀. Ibi tí a ti yàtọ̀ ni pé èmi ò ní jẹ́ kó yí kọ́ọ̀sì padà ṣáájú Post-UTME. Ìdajì ìwífún tó nílò ò tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí máàkì bá jáde, á mọ àpapọ̀ rẹ̀ gan-an. Bó bá jẹ́ 62, kí ó yí i padà lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ 74, ẹ ó dúpẹ́ pé ẹ ò kánjú.

Bàbá Ìbejì, mi ò ní bá yín jiyàn lórí ohun tí ẹ fojú rí. Ṣùgbọ́n láti 2017 ni ìgbàwọlé ti ń gba orí CAPS kọjá, ìyẹn ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí JAMB fi ń darí ìgbàwọlé, ọmọ sì lè fúnra rẹ̀ wo ipò rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a ń sọ pé ọmọ tí máàkì rẹ̀ kéré gba ipò ọmọ tí máàkì rẹ̀ ga, ìpínlẹ̀ wọn ló yàtọ̀, bí Ará Kábà ṣe là á sílẹ̀ yìí. Ìyá Àdùkẹ́ ò ní ènìyàn kankan tó fẹ́ sáré lọ bá. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ohun tó lè lò.

Bàbá Ìbejì, Múṣin

Ti ìpínlẹ̀ yẹn, n ò rò ó tẹ́lẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kò sí ènìyàn rárá.

Káfé Yábàá

Iṣẹ́ fọ́ọ̀mù JAMB la ń ṣe níbí, ẹ gbà mí láàyè.

Ìyá Àdùkẹ́, ìṣirò tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, ó ti yí padà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni JAMB kéde pé àṣìṣe bá ìdánwò ní ibùdó 157, 65 nínú wọn ní Èkó níbí, tó kù ní ìhà ìlà-oòrùn gúúsù. Ọ̀gá JAMB nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìsháq Olóyèdé, sunkún lójú gbogbo ayé lọ́jọ́ náà. 379,997 ọmọ ni wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe, 206,610 nínú wọn jẹ́ ti Èkó. Àwọn tó ṣeé ṣe kí máàkì wọn ti gòkè lẹ́yìn àtúnṣe, àwọn náà ni wọ́n ń bá Àdùkẹ́ du Unilag. Nítorí náà, kò pé márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún yẹn, ẹ má gbára lé e mọ́.

Èkejì: 150 tí JAMB fi ṣe òdiwọ̀n yunifásítì lọ́dún 2025 yìí, àwọn òbí kan ń mú un wá síbí bíi pé ọmọ ti wọlé. Ìlà tí ilé-ẹ̀kọ́ kankan ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá ni. Unilag ò kúrò lórí 200 tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló ń dùn mí jù, torí gbogbo ọdún ló ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ á ní máàkì, á pegedé, ṣùgbọ́n èsì WAEC rẹ̀ ò sí lórí pọ́tà JAMB, ìyẹn ìkànnì wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá sí níbẹ̀, CAPS á kà á sí ẹni tí kò ní èsì. Kò sí ìṣirò tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyẹn.

Ìyá Àdùkẹ́ (Ìdúmọ̀tà)

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. A ò ní yí i padà báyìí. A ó dúró de Post-UTME, a ó kọ máàkì tó ń gbà nílé sílẹ̀ bí Apòògùn ṣe wí. Ọmọ fúnra rẹ̀ ti ní bí àpapọ̀ ò bá tó, Biochemistry lòun máa mú, òun ò fẹ́ Pharmacology. Àbúrò ọkọ mi náà ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, ó ní òun fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Káfé Yábàá, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti fi WAEC rẹ̀ sórí pọ́tà. Ẹni tó bá a ṣe fọ́ọ̀mù ò sọ fún wa. Kí ni kó mú wá bó bá ń bọ̀?

Káfé Yábàá

Kó mú èsì WAEC rẹ̀ wá, nọ́ḿbà ìforúkọsílẹ̀ JAMB, ímeèlì tó lò àti ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. SIM tó fi forúkọ sílẹ̀ gan-an ni kó mú dání, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀, torí orí rẹ̀ ni kóòdù máa wọlé sí. Bó bá débẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí ìmọ̀ márààrún àti ọdún ìdánwò lórí pọ́tà kó tó dìde. Kó tètè dé láàárọ̀, lọ́sàn-án ni íntánẹ́ẹ̀tì máa ń falẹ̀.

Moyọ̀, Ìdí-Àràbà

Mà, mo ní àwọn ìbéèrè Post-UTME ọdún tó ti kọjá tí mo fi múra. Bó bá ti kúrò ní Yábàá, kó wọ bọ́ọ̀sì Ojúẹlẹ́gba wá bá mi ní Ìdí-Àràbà, kó wá dà wọ́n kọ.